FÍÚSÌ TÍ WỌ́N FI WÁYÀ DÍ: OHUN TÍ KÒKÒRÒ KAN ṢE NÍNÚ ARA Ẹ̀GBỌ́N MÀÁMI

Ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ ni mo máa ń kọ sí ojú ìwé yìí: ẹni tí ọkọ rẹ̀ sá lọ, ẹni tí onílé lé síta, ẹni tí ọmọ iṣẹ́ palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ara mi ni. Mo bẹ Olóòtú títí kí wọ́n tó gbà fún mi, nítorí ọ̀rọ̀ náà ń jẹ mí lọ́kàn, àwọn àgbà sì bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, àbúrò mi obìnrin mú fọ́ọ̀mù kan bọ̀ láti ilé ìwé. Ọmọ ọdún 13 ni nígbà náà. Ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára kan fún àwọn ọmọbìnrin tó wà láàárín ọdún 9 sí 14, Ìpínlẹ̀ Èkó sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń gún un. Kí òbí ṣáà fọwọ́ sí ìwé ni.

Màámi kò kàwé púpọ̀. Gààrì ni wọ́n ń tà. Wọ́n na fọ́ọ̀mù náà sí mi, wọ́n ní, “Ìwọ oníwèé ìròyìn, kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?”

Háà! Ẹ wo ohun tí mo ṣe. Láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, nínú dánfó láti Ojúẹlẹ́gba sí Costain, mo ti gbọ́ tí obìnrin kan ń búra pé abẹ́rẹ́ náà ni wọn yóò fi sọ àwọn ọmọ wa di àgàn. Mo ní, “Màámi, ẹ má fọwọ́ sí i o. Abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí obìnrin bímọ ni.” Màámi ní, “Ẹ̀jẹ̀ Jésù!” Wọ́n ya fọ́ọ̀mù náà sí wẹ́wẹ́. Mi ò béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kankan. Mi ò béèrè lọ́wọ́ dókítà kankan. Èmi tó jẹ́ pé ìbéèrè ni wọ́n ń sanwó fún mi láti máa bi ènìyàn!

ÌTÌJÚ NI WỌ́N KÓ SÍNÚ

Ẹ̀gbọ́n màámi, ẹni ọdún 52, epo pupa ni wọ́n ń tà nínú ọjà Ìpọ̀nrí. Ẹni tó bá ra epo lọ́wọ́ wọn rí á mọ̀ pé wọn kì í dá kérosíìnì pọ̀ mọ́ ọn, wọn kì í sì í fi ìka sínú òṣùwọ̀n. Ó ti ju ọdún mẹ́ta lọ tí wọ́n ti rí nǹkan oṣù gbẹ̀yìn. Àfi bí ẹ̀jẹ̀ ṣe tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Lónìí díẹ̀, lọ́la díẹ̀. Wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n rò pé jẹ̀díjẹ̀dí ni, wọ́n ń ra àgbo mu. Nígbà tí omi tó ń bá a jáde bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, wọ́n ń fi lọ́fínńdà bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ̀yìn ń ro wọ́n, wọ́n ní agbára epo tí àwọn ń gbé ni.

Ìgbà tí wọ́n ṣubú nídìí agbá epo ní oṣù kẹta ọdún 2024 ni a tó gbé wọn dé ilé ìwòsàn. Dókítà yẹ̀ wọ́n wò, ó ní jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ ni, ó sì ti kọjá ibi tí iṣẹ́ abẹ lè dé. Ní oṣù kẹjọ, a sin wọ́n.

Kí ọlọ́jọ́ tó dé, mo bá nọ́ọ̀sì àgbà kan sọ̀rọ̀ lẹ́yìn yàrá àwọn aláìsàn. Ẹkún ni mò ń sun. Mo ní, “Màmá, ta ló ṣe é? Wọ́n ní ẹni tí wọ́n jọ ń du ìsọ̀ ni.” Màmá náà wò mí, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ẹnì kankan kò ṣe é. Kòkòrò ni, fáírọ́ọ̀sì. Ó wọ inú ara wọn láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì jẹ́ kí ohun tó yẹ kó kú ó kú.”

Mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ tún un sọ. Kí ohun tó yẹ kó kú ó kú? Nínú ilé ìwòsàn tí gbogbo wa ń bẹ Ọlọ́run pé kí ẹnikẹ́ni má kú?

Wọ́n jókòó tì mí, wọ́n ṣàlàyé. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà wá, mo ti béèrè, mo ti ka ìwé lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ ọ́ fún yín, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn fíúsì ilé wa, nítorí òun ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yé mi.

FÍÚSÌ ILÉ WA

Ilé oníyàrá mẹ́wàá là ń gbé ní Ìpọ̀nrí níbí. Mítà kan ṣoṣo la ní nígbà náà. Tí wọ́n bá mú iná dé lálẹ́, fíríìsà ń ṣiṣẹ́, áyọ́ọ̀nù ń ṣiṣẹ́, sítóòfù oníná ń ṣiṣẹ́, ká tó wí ká tó fọ̀, fíúsì ti jó. Òkùnkùn! Ariwo á sọ, èébú á bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀dọ́kùnrin kan nínú ilé, tí kì í ṣe rewáyà tí kì í ṣe nǹkan kan, gé wáyà bàbà kan tó ki, ó fi dí ojú fíúsì. Àfi bí iná kò ṣe kú mọ́! A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn kan tiẹ̀ ra mínírà fún un. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní òru, òórùn rọ́bà tó ń jó ló jí wa. Wáyà inú ògiri ti pọ́n bí ẹ̀yín iná, síílìnì ti ń rú èéfín. Ọlọ́run ló yọ wá.

Nígbà tí rewáyà gidi dé láàárọ̀, ó tú wáyà bàbà náà, ó gbé e sókè fún gbogbo wa rí. Ó ní, “Fíúsì tí ẹ ń bú yìí, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó kú. Òun ló ń kú kí ilé má baà jó. Ẹ̀yin wá sọ pé kó má kú mọ́.”

SẸ́Ẹ̀LÌ TÓ YẸ KÓ KÚ

Ẹ jẹ́ ká padà sínú ara. Sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi mọ ara wa, bí wọ́n ṣe ń fi búlọ́ọ̀kù mọ ilé, àmọ́ abẹ̀mí ni búlọ́ọ̀kù tiwa, ojú lásán kò sì lè rí i. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kú, tí òmíràn ń rọ́pò wọn. Kì í sì í ṣe pé nǹkan pa wọ́n nìkan. Àwọn mìíràn ń pa ara wọn nígbà tí àsìkò bá tó, tàbí nígbà tí wọ́n bá bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, kí wọ́n má baà ba ìyókù jẹ́. Ọmọ inú oyún pàápàá, níbẹ̀rẹ̀, awọ ló so ìka rẹ̀ pọ̀ bíi ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ. Àwọn sẹ́ẹ̀lì àárín ìka ló kú fúnra wọn tí ìka fi yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Lọ́dún 1972, àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Kerr, Wyllie àti Currie, sọ irú ikú yìí lórúkọ. Wọ́n pè é ní apoptosis, ọ̀rọ̀ èdè Gíríìkì tí wọ́n fi ń sọ ọ̀rọ̀ ewé tó ń rẹ̀ dànù lára igi. Àwa náà mọ̀ pé igi tó wọ́wé nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ kò kú. Ó ń tọ́jú ara rẹ̀ ni.

Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, nǹkan kan wà tí wọ́n ń pè ní p53. Ọdún 1979 ni àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ rí i. Òun ni fíúsì. Tí ìwé àṣẹ tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣiṣẹ́ bá ya, p53 á ní kó dáwọ́ iṣẹ́ dúró kí wọ́n tún un ṣe. Tí kò bá ṣeé tún ṣe mọ́, á pàṣẹ pé kí sẹ́ẹ̀lì náà kú. Ikú ọ̀kan, àlàáfíà ẹgbẹ̀rún.

Ẹ wá gbọ́ ti kòkòrò fáírọ́ọ̀sì. Kò lè dá bímọ. Àfi kó wọ inú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn, kó fi irinṣẹ́ onílé ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì sì gbọ́n: tó bá rí i pé àlejò burúkú wọlé, ó lè pa ara rẹ̀ pẹ̀lú àlejò náà, kó má baà ran aládùúgbò. Ìdí rèé tí oríṣiríṣi fáírọ́ọ̀sì fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń dí fíúsì. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní Epstein-Barr, òun ni wọ́n máa ń bá nínú jẹjẹrẹ tó ń wú ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn ọmọdé nílẹ̀ Áfíríkà wa níbí. Ó ní ohun kan tí ó ṣe bí èyí tí sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ fi ń sọ pé “má tíì kú”.

Èyí tó wọ inú ara ẹ̀gbọ́n màámi, HPV ni orúkọ rẹ̀. Ó ju oríṣi 200 lọ, ọ̀pọ̀ wọn kò sì lè pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà 16 àti nọ́ńbà 18, ìkà ni wọ́n. Àwọn méjèèjì yìí ló wà nídìí nǹkan bíi 70 nínú 100 jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ. Ìbálòpọ̀ ló ń gbé e kiri. Kí ẹnikẹ́ni má fi bú obìnrin o! Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ti mọ ọkùnrin tàbí obìnrin ló ti bá a pàdé rí, ìyàwó ilé tí kò mọ̀ ju ọkọ rẹ̀ lọ sì lè ní in. Nínú ara ọ̀pọ̀ ènìyàn, ara á lé e jáde láàárín ọdún kan sí méjì, wọn ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ó wá. Inú ara àwọn díẹ̀ ló ti ń jókòó.

Bó ṣe ń ṣe é rèé. Sẹ́ẹ̀lì ẹnu ilé-ọmọ, tó bá ti ń gòkè bọ̀ lójú awọ, kì í pín ara rẹ̀ sí méjì mọ́, ó ti fẹ̀yìn tì nìyẹn. Fáírọ́ọ̀sì kò fẹ́ bẹ́ẹ̀, kó máa ṣiṣẹ́ ló ń fẹ́. Ó ní ohun èlò kan tí wọ́n ń pè ní E7, òun ló fi ń já bíréèkì sẹ́ẹ̀lì. Sẹ́ẹ̀lì bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìtọ́ àsìkò. p53 rí i pé nǹkan ti bàjẹ́, ó fẹ́ pa iná. Níbẹ̀ ni èkejì, E6, ti yọ jáde. E6 gbá p53 mú, ó fi ẹrú inú sẹ́ẹ̀lì náà gan-an so àmì ìdọ̀tí mọ́ ọn lára. Gbogbo sẹ́ẹ̀lì ló ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ìdọ̀tí. Bí ẹ̀rọ náà bá ti rí àmì yẹn, kì í béèrè, á lọ p53 kúnná bí wọ́n ṣe ń lọ ata. Ẹ rí i bí? Ẹ̀rọ onílé ni olè fi lọ ọlọ́dẹ onílé.

Fíúsì lọ. Iná kò kú mọ́. Ẹni tó ní ara kò mọ nǹkan kan, kò ro ó, kò dùn ún. Sẹ́ẹ̀lì náà á máa pín, àṣìṣe á máa gun orí àṣìṣe, kò sí ẹni tí yóò ní kó dúró. Ọdún 15 sí 20 ló sábà máa ń gbà kó tó di jẹjẹrẹ. Tí agbára ara bá kéré, bíi ti ẹni tó ní HIV tí kò lo oògùn, ó lè má ju ọdún 5 sí 10 lọ. Nígbà tí mo ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn, jẹ́lé-ó-sinmi ni èmi wà nígbà tó ṣeé ṣe kí kòkòrò náà ti wọ inú ara wọn. Àwọn ni wọ́n ń gbé mi lọ síbẹ̀ láràárọ̀, wọ́n á fi mí sílẹ̀, wọ́n á lọ ṣí ìsọ̀.

Fáírọ́ọ̀sì yìí kò tiẹ̀ fẹ́ fún wa ní jẹjẹrẹ o. Kò sí èrè kankan fún un níbẹ̀. Iná ló fẹ́ lò. Bí ọ̀dọ́kùnrin ilé wa, kò ro ti ògiri.

OBÌNRIN TÓ KÚ LỌ́DÚN 1951

Ní Amẹ́ríkà, obìnrin aláwọ̀ dúdú kan wà, Henrietta Lacks, ìyá ọmọ márùn-ún. Jẹjẹrẹ yìí kan náà ló pa á lọ́dún 1951, ẹni ọdún 31 péré. Kó tó kú, àwọn dókítà ti gé díẹ̀ lára kókó náà láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Títí di òní olónìí, sẹ́ẹ̀lì náà kò kú. Wọ́n ṣì ń pọ̀ sí i nínú ìgò káàkiri àgbáyé, HeLa ni wọ́n ń pè wọ́n, ọ̀pọ̀ oògùn àti àjẹsára ni wọ́n sì ti fi wọ́n ṣèwádìí.

Ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan, Harald zur Hausen, òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ló rí HPV 16 nínú jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ lọ́dún 1983, wọ́n sì rí 18 lọ́dún 1984. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2008. HPV 18 ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì Henrietta. Ohun tó sì yà mí lẹ́nu jù rèé: nígbà tí àwọn onímọ̀ dí E6 àti E7 lọ́wọ́ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí, p53 padà dé! Sẹ́ẹ̀lì tó ti ń pọ̀ láti ọdún 1951 dáwọ́ dúró. Fíúsì náà kò bàjẹ́ rárá. Bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń ṣe òmíràn ni kòkòrò náà ń lọ̀ ọ́.

IRỌ́ TÍ MO GBÀ GBỌ́

Abẹ́rẹ́ tí mo ní kí màámi má gbà fún àbúrò mi, HPV yìí gan-an ló wà fún. Kí fáírọ́ọ̀sì tó wọlé ni wọ́n ń gún un, ìdí rèé tí wọ́n fi mú ọmọ kékeré. Èèpo kòkòrò náà nìkan ló wà nínú rẹ̀, òfìfo ni, kò sí kòkòrò nínú, kò sí E6, kò sí E7. Ara á kàn mọ ojú olè kó tó wá. Kì í fọwọ́ kan ilé-ọmọ. Rwanda ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin wọn láti ọdún 2011. Àwọn tó gbà á nígbà náà ti di ìyá ọmọ.

Lọ́dún 2020 nìkan, wọ́n ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bíi 12,000 obìnrin ni jẹjẹrẹ yìí mú ní Nàìjíríà, tí nǹkan bíi 8,000 sì kú. Ẹ fi ojú inú wo ọjà, kẹ́ ẹ ka ìsọ̀ tó máa ṣófo.

OHUN TÍ A LÈ ṢE

Ẹ̀yin ìyá wa, abẹ́rẹ́ kò lè lé kòkòrò tó ti wọlé jáde. Àyẹ̀wò ni tiyín. Láti ọmọ 30 ọdún sókè ni kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá ní HIV kó bẹ̀rẹ̀ láti 25. Ọ̀kan nínú àyẹ̀wò náà, fínígà ni nọ́ọ̀sì máa fi nu ẹnu ilé-ọmọ. Ibi tó bá ti fẹ́ bàjẹ́ á funfun. Wọ́n lè fi ooru tàbí òtútù pa ibẹ̀ kó tó di jẹjẹrẹ. Ẹ má dúró de ẹ̀jẹ̀, nítorí níbẹ̀rẹ̀ kì í fi àmì hàn. Tí ẹ̀jẹ̀ bá sì ń yọ lẹ́yìn ìbálòpọ̀, tàbí lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dáwọ́ dúró, tàbí tí omi tó ń rùn bá ń jáde, ẹ sáré lọ o, ẹ má ra àgbo jẹ̀dí. Ẹ̀yin ọkọ, owó ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ fún wọn, kì í ṣe ìbéèrè pé ta ló kó o ràn án.

Àbúrò mi ti kọjá 14. Ọ̀fẹ́ ti kọjá lórí rẹ̀. A lọ béèrè, wọ́n ní ó ṣì lè gbà á, ṣùgbọ́n a ó rà á. Mo kó owó àjọ mi, màámi fi díẹ̀ kún un. Nígbà tí wọ́n gún un tán, mo ní, “Jọ̀wọ́, má bínú sí mi.” Ó ní, “Àǹtí mi, ẹ tiẹ̀ ra súyà fún mi ná.”

Lọ́jọ́ kejì, mo mú màámi fúnra wọn lọ fún àyẹ̀wò fínígà. Ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n di ọwọ́ mi mú títí dé ẹnu ọ̀nà. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi jáde. Nọ́ọ̀sì ní kò sí nǹkan kan. Màámi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọn kò sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ní, “Ìgbà tí mo fi ń wọn gààrì fún oníbàárà méjì nìyí. Ẹ̀gbọ́n mi ì bá sì wà láyé.”

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe àyẹ̀wò yìí, ẹ kọ̀wé sí wa, kí àwọn tí ẹ̀rù ń bà lè kà á. Ẹ̀yin tí ẹ sì gbọ́ ọ̀rọ̀ nínú dánfó, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè. Èmi kò béèrè.

Ire o.